Sùúrù àti ìlera ọkàn

Sùúrù ni ìwà tí ènìyàn fi ń fara da ìdádúró, ìnira tàbí ìwọ̀sí láì jẹ́ kí ìkánjú tàbí ìbínú borí rẹ̀. Nínú ẹ̀sìn, a kà á sí èso ìgbàgbọ́. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, a kà á sí ọgbọ́n tí ènìyàn fi ń darí ìmọ̀lára rẹ̀. Láti àárín ọ̀rúndún ogún ni àwọn oníṣègùn ti ń wádìí bóyá ìwà yìí, tàbí àìsí rẹ̀, ní ohun í ṣe pẹ̀lú àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Èsì ìwádìí wọn fi hàn pé ìkánjú àti ẹ̀mí ìkóríra tó ti di bárakú wà lára ohun tó lè pa ọkàn lára. Síbẹ̀, sùúrù kì í ṣe oògùn, kò sì lè rọ́pò ìtọ́jú.

Nínú àyọkà yìí, "ọkàn" dúró fún ẹ̀yà ara tó ń pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, àyàfi níbi tí a bá ti sọ ọ́ pé ibùdó èrò ni a ní lọ́kàn.

## Ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Yorùbá

Àwọn onímọ̀ èdè kan so ọ̀rọ̀ náà "sùúrù" mọ́ "ṣabr" ti èdè Lárúbáwá, wọ́n sì gbà pé nípasẹ̀ àwọn èdè ìhà àríwá bíi Songhay ni ó fi wọ inú Yorùbá. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìfaradà ni kí a gba ìnira mọ́ra. Ìforítì ni kí a máa tẹ̀ síwájú nígbà tí nǹkan bá le. Ìpamọ́ra ni kí a fara mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn láì gbẹ̀san. Ìfarabalẹ̀ ni kí a fi ẹ̀sọ̀ ṣe ohun tí a ń ṣe. Lára òdì wọn ni ìkánjú, ìwàǹwára àti inú fùfù.

Èdè Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ ya ìmọ̀lára sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yà ara. Inú ní ń bí ènìyàn, àyà ní ń já, ara ní ń balẹ̀. Ẹni tí a bá ń pàrọwà fún pé kó má bínú, a lè ní kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Òróòro ni àpò omi kíkorò tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀. Ohun tí àkànlò èdè yìí ń béèrè ni pé kí a fi ohun tí kò korò bo èyí tó korò mọ́lẹ̀. Kò sọ pé ìkorò náà kò sí.

Ọ̀rọ̀ náà "ọkàn" fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì: ẹ̀yà ara tó ń lù kìkì nínú àyà, àti ibùdó èrò àti ìmọ̀lára. Ìdí nìyí tí "ìbàlẹ̀ ọkàn" fi lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwàásù lẹ́nu àlùfáà, kó sì jẹ́ ìmọ̀ràn ìlera lẹ́nu dókítà.

## Nínú ìgbàgbọ́ àti ẹ̀sìn

### Ifá

Nínú ìtàn Ifá kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwà pẹ̀lẹ́ ní ọdún 1975, Ìwà jẹ́ obìnrin tí Ọ̀rúnmìlà fi ṣe aya, Sùúrù tó jẹ́ ọmọ Olódùmarè sì ni baba rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà kò lè fara da àléébù ìyàwó rẹ̀, ìyàwó sì padà sí ilé baba rẹ̀. Ẹ̀yìn tí ó lọ tán ni ọkọ tó mọ̀ pé iyì òun bá a lọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ìtàn yìí bá òwe tó ní "sùúrù ni baba ìwà" mu: ẹni tí kò bá ní sùúrù kò lè bá ìwà gbé pẹ́.

### Ẹ̀sìn Ìsìláàmù

Ojúṣe onígbàgbọ́ ni ṣabr jẹ́ nínú Ìsìláàmù. Áyà 153 nínú Súrà kejì ti Kùránì pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ láti fi sùúrù àti ìrun kíkí wá ìrànlọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn pín sùúrù sí ọ̀nà mẹ́ta: sùúrù lórí títẹ̀lé àṣẹ Ọlọ́run, sùúrù láti yẹra fún ẹ̀ṣẹ̀, àti sùúrù nígbà àdánwò. Nínú ìpín yìí, ìdúró de òpin ìṣòro jẹ́ ẹyọ ọ̀nà kan péré. Ṣíṣe ohun tó yẹ lójoojúmọ́ náà jẹ́ sùúrù.

### Ẹ̀sìn Krístì

Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Gálátíà (5:22) ka ìpamọ́ra mọ́ èso Ẹ̀mí. Ìwé Jákọ́bù (5:11) fi Jóòbù ṣe àpẹẹrẹ sùúrù, Kùránì náà sì yìn ín lábẹ́ orúkọ Ayyūbu. Bí a bá ka ìwé Jóòbù fúnra rẹ̀, a óò rí i pé ọkùnrin náà kò dákẹ́. Ó ráhùn, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn, ó sì béèrè ìdí tí ìyà fi jẹ ẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe àìsọ̀rọ̀ ni sùúrù tí a fi ń yìn ín.

## Nínú ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí kò fi bẹ́ẹ̀ ya sùúrù sọ́tọ̀ kúrò lára ìkóra-ẹni-níjàánu. Ní ọdún 2012, Sarah Schnitker ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí ó ti pín sùúrù sí mẹ́ta: sùúrù pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, sùúrù nínú ìṣòro ayé tó pẹ́, bí àìsàn tàbí àìríṣẹ́, àti sùúrù lórí ìyọlẹ́nu ojoojúmọ́, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ẹnì kan lè ní ọ̀kan kó má ní èkejì: ẹni tó fara da àìsàn fún ọdún púpọ̀ lè máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí awakọ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Kate Sweeny, onímọ̀ ìhùwàsí mìíràn ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní ọdún 2024 pé àìnísùúrù jẹ́ ìmọ̀lára tó ń dìde nígbà tí ìdádúró bá pẹ́ ju bí a ṣe rò pé ó tọ́ lọ, àti pé sùúrù ni ọ̀nà tí a ń gbà tu ìmọ̀lára náà lójú. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé yìí, nǹkan a máa ká onísùúrù náà lára. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti ká a lára.

## Bí ìkánjú àti ìbínú ṣe ń dé inú ọkàn

Ní ọdún 1915, Walter Cannon, onímọ̀ nípa ara ní Harvard, tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé ohun tí ìbínú àti ìbẹ̀rù ń ṣe nínú ara. Nígbà tí ènìyàn bá bínú tàbí tí ẹ̀rù bà á, ara rẹ̀ máa ń múra ìjà tàbí ìsálọ. Adrenaline yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn yóò máa yára lù, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan yóò fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì ru sókè. Bí ipò náà bá ń bá a lọ, cortisol náà á pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tún máa ń tètè dì ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, èyí tó wúlò fún ẹni tó fẹ́ fara gbọgbẹ́ lójú ìjà.

Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjà gidi àti ìlà gígùn ní báǹkì. Bí ìmúrasílẹ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ara tó dá ṣáṣá a máa padà bọ̀ sípò. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ó lè dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìbàjẹ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Fún ẹni tí ọ̀rá ti dí iṣan ọkàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbínú líle kan lè jẹ́ ohun tí yóò ta ìkọlù ọkàn jí, ìyẹn ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè dé apá kan nínú ọkàn mọ́.

Ọ̀nà kejì kò kan adrenaline. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lè máa sùn díẹ̀, kó máa mu sìgá tàbí ọtí láti fi tu ara nínú, kó má sì ráyè fún eré ìdárayá. Àwọn ìwà wọ̀nyí fúnra wọn ń ba ọkàn jẹ́.

Ẹ̀rí tó hàn gbangba jù pé ìmọ̀lára lè dé inú ọkàn ni àìsàn takotsubo, tí àwọn dókítà ní Japan ṣàpèjúwe ní ọdún 1990. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀ tàbí ìpayà ńlá, apá ìsàlẹ̀ ọkàn a máa wú, kò sì ní lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ìrísí rẹ̀ nígbà náà jọ ìkòkò tí àwọn apẹja Japan fi ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Orúkọ ìkòkò náà ni wọ́n fi sọ àìsàn yìí. Àwọn obìnrin tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe sì máa ń bọ̀ sípò.

## Ìtàn ìwádìí

### Ṣáájú ọ̀rúndún ogún

Àpẹẹrẹ kan tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń tọ́ka sí ni ti John Hunter, gbajúgbajà oníṣẹ́-abẹ ọmọ Scotland. Ó ní àrùn àyà dídùn tó máa ń dìde nígbàkigbà tí inú bá bí i, ó sì máa ń sọ pé ẹ̀mí òun wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú òun bínú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1793, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé kan ní ilé-ìwòsàn St George's ní London. Hunter jáde kúrò nínú yàrá náà, ó ṣubú, ó sì kú.

### Ìwà irúfẹ́ A

Ní àwọn ọdún 1950, Meyer Friedman àti Ray Rosenman, dókítà ọkàn méjì ní San Francisco, ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọn jọ ara wọn ní ìwà. Wọ́n ròyìn lẹ́yìn náà pé oníṣẹ́-ọwọ́ kan tó wá tún ìbòrí àga yàrá ìdúródè wọn ṣe ló kọ́kọ́ sọ pé etí iwájú àwọn àga náà ló gbó ju. Àwọn aláìsàn náà kì í fẹ̀yìn ti àga. Etí rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, bí ẹni tó ti fẹ́ dìde.

Wọ́n pe ìwà yìí ní irúfẹ́ A: ìkánjú láìdábọ̀, ìfigagbága, àti ìbínú tó yá. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni wọ́n pè ní irúfẹ́ B. Ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 tẹ̀lé ọkùnrin 3,154, ẹni ọdún 39 sí 59, fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀. Nínú èsì tó jáde ní 1975, àrùn ọkàn mú àwọn irúfẹ́ A ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ti irúfẹ́ B.

### Iyèméjì

Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò gbè é lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1985, kò rí ìbáṣepọ̀ kankan láàárín irúfẹ́ A àti àrùn ọkàn. Ní 1988, àwọn olùwádìí padà sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin California yẹn kan náà, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn tí àrùn ọkàn ti mú, kì í ṣe irúfẹ́ A ni ó ń tètè kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìwé inú ilé-iṣẹ́ sìgá tó di mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn fi hàn pé ilé-iṣẹ́ Philip Morris ti náwó sórí ìwádìí nípa irúfẹ́ A. Bí a bá lè di ẹ̀bi àrùn ọkàn ru ìwà, ẹ̀bi sìgá yóò fúyẹ́.

Àwọn onímọ̀ wá tú irúfẹ́ A palẹ̀ láti mọ èyí tó ń ṣe ìpalára nínú rẹ̀. Redford Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke tọ́ka sí ẹ̀mí ìkóríra, ìyẹn kí ènìyàn máa fura sí ẹlòmíràn, kó sì máa rò wọ́n ní ibi.

### Ìkánjú àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Ìwádìí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ sùúrù jù ni CARDIA. Ó tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́ 3,308, dúdú àti funfun, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 18 sí 30 ní 1985 sí 1986, ní Birmingham, Chicago, Minneapolis àti Oakland. Èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Lẹ́yìn ọdún 15, àwọn tí ìkánjú wọn pọ̀ jù àti àwọn tí ẹ̀mí ìkóríra wọn pọ̀ jù ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú ju àwọn tí tiwọn kéré jù lọ, ó sì súnmọ́ ìlọ́po méjì. Ìlépa àṣeyọrí kò ní irú àbájáde bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé kì í ṣe iṣẹ́ àṣekára ni ó bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, bí kò ṣe àìlèdúró àti ìkóríra.

Ní 2004, ìwádìí INTERHEART, tó kan orílẹ̀-èdè 52 títí kan ti Áfíríkà, ka ìdààmú ọkàn mọ́ ohun mẹ́sàn-án tó ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìkọlù ọkàn, pẹ̀lú sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Harvard kó èsì ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ewu ìkọlù ọkàn máa ń ga sí i láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn ìbínú líle. Ewu ìgbà ìbínú kan ṣoṣo kéré; bí ó bá ti ń di léraléra ni ó ń ṣe pàtàkì.

## Ní Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn kò lágbára tó mọ́, tí a ṣe ní Abẹ́òkúta, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ni orísun àìsàn náà fún nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Iyọ̀ púpọ̀, ìsanrajù, ọjọ́ orí àti ohun àjogúnbá wà lára ohun tó ń fà á. Ìdààmú ọkàn jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Kì í ṣe òun nìkan.

## Kíkọ́ sùúrù

Ìwádìí kan fi hàn pé a lè kọ́ sùúrù ní àgbà. Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn 862 tí ìkọlù ọkàn ti ṣe rí jọ. Wọ́n fún apá kan ní ìmọ̀ràn ìlera ọkàn lásán. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń dín ìkánjú àti ìbínú kù kún ti apá kejì. Lára iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ni kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tò sórí ìlà tó gùn jù ní ilé ìtajà, kí wọ́n máa wa ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà tó lọ́ra, kí wọ́n sì máa gbà nígbà tí wọ́n bá jẹ̀bi. Ní òpin ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, ìkọlù ọkàn tún padà ṣe ìdá 21.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn apá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìdá 12.9 péré nínú apá kejì. Èsì náà jáde ní 1986.

Mímí díẹ̀díẹ̀ náà wúlò. Ní 2001, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ṣàyẹ̀wò ènìyàn 23 tí ara wọn le, nígbà tí wọ́n ń ka rósárì ní èdè Látìn àti nígbà tí wọ́n ń pe ọfọ̀ àdúrà àwọn oníyóógà. Àdúrà méjèèjì mú kí èémí wọn lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, ètò tó ń ṣàkóso ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Mímí bẹ́ẹ̀ ń fún okùn ìmọ̀lára tí a ń pè ní vagus lágbára, èyí tó ti ọpọlọ wá dé ọkàn, tó sì ń dẹ lílù rẹ̀.

## Sùúrù àti ohun tó jọ sùúrù

Ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń fi orúkọ sùúrù pè tí kò ṣe ọkàn ní àǹfààní.

Àkọ́kọ́ ni dídi ìbínú sínú. Ẹni tí a rẹ́ jẹ, tí kò sọ̀rọ̀, tí ó sì ń rò ó títí ilẹ̀ fi ń mọ́, kò tíì ní sùúrù. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló dákẹ́, ara rẹ̀ ṣì wà lójú ìjà. Sùúrù kò ní kí a má sọ ohun tó dunni. Ó ní kí a sọ ọ́ nígbà tí a bá lè sọ ọ́ láì jà.

Èkejì ni dídúró wo àmì àìsàn. Bí àyà bá ń dun ènìyàn tàbí tó ń fún un pinpin fún ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, tí ìrora náà ń ràn dé apá, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé-ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Iṣan ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ń kú díẹ̀díẹ̀ bí àkókò ṣe ń lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe sùúrù di àárọ̀.

Ẹ̀kẹta ni fífi ìbàlẹ̀ ọkàn tàbí àdúrà rọ́pò oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń wà láì ní àmì kankan. Wíwọn rẹ̀ nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí òǹkà òkè bá tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn, a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù lọ lè ní in.

Níhìn-ín ni sùúrù ti padà wúlò, ní ìtumọ̀ ìforítì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ohun tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é tó mọ̀, tí kò sì rí èrè rẹ̀ lójú. Ọ̀pọ̀ ń jáwọ́ nígbà tí ara wọn bá ti yá. Ẹni tó bá dín iyọ̀ kù, tó ń rìn, tó ń lo oògùn rẹ̀, tó sì ń padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, ti ní irú sùúrù tó ṣe ọkàn ní àǹfààní jù lọ.

## Ẹ tún wo

- Ẹ̀jẹ̀ ríru
- Àrùn rọpárọsẹ̀
- Ìwà pẹ̀lẹ́
- Ọ̀rúnmìlà
- Jóòbù